Ẹ Má Jẹ́ Kí Làmídì Rẹ́ Ògiri Yàrá Mi

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú àmójútó gbogbo wa. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ìsẹ́yìn níbí. Inú ọkàn ni mo ti dọ̀bálẹ̀ o, nítorí bí mo bá na gbọọrọ sílẹ̀ tòótọ́, ènìyàn méjì ni yóò gbé mi dìde. Mo kí Làmídì àbúrò mi. Mo kí àwọn ìyàwó rẹ̀. Mo kí àwọn ọmọ ilé, àwọn tí mo mọ orúkọ wọn àti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn tí mo kúrò. Mo kí Lèmọ́mù. Ẹ sọ fún wọn pé mo ṣì ń kírun, kí wọ́n yéé bi àwọn awakọ̀ léèrè.

Kí ẹnikẹ́ni má ka lẹ́tà yìí fún yín nínú yàrá. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti kà á, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ilé bá pé. Mo mọ̀ pé Làmídì ló máa ń kàwé fún yín, mo sì mọ̀ pé ibi tí kò bá dùn mọ́ ọn nínú ìwé, ńṣe ló máa ń fò ó bí ewúrẹ́ ṣe ń fo ọgbà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Míìsì, olùkọ́ tó ń bá mi kọ ọ́, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, kí gbogbo Òkè-Ògùn rí i kà. Bí Làmídì bá fo ibì kan, ará Ọ̀fìkì tó ti kà á á bi í léèrè.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Awakọ̀ tó ń kó iṣu ti Ogbooro wá síbí sọ fún mi pé Làmídì ti da yanrìn sí ẹnu ọ̀nà, pé ó ti kó sìmẹ́ńtì jọ, pé ó fẹ́ rẹ́ gbogbo yàrá kí Iléyá tó dé. Ó dára. Ilé bàbá wa ni, kó máa dán. Ṣùgbọ́n kí ó má fọwọ́ kan yàrá mi. Ògiri tó wà lápá ọ̀tún bí ènìyàn bá wọlé, èyí tí mo fi ẹní bò, kí sìmẹ́ńtì má kàn án títí n ó fi dé.

Mo mọ̀ pé èmi náà ni mo ní kó rẹ́ ẹ. Mo rántí. Mo tilẹ̀ ní kó wó o bó bá wù ú, pé n kò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Mo ti yí ọ̀rọ̀ mi padà. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí àgbàlagbà fi ń sọ méjì. Bí ẹ bá gbọ́ tán, ẹ ó mọ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ló yí mi padà. Làmídì, má rẹ́rìn-ín. Máa kà á lọ.

Ìyá mi, ẹ mọ̀ pé ilé mímọ ni mo mọ̀, n kò mọ nǹkan mìíràn. Nígbà tí a sin Sàrátù ìyàwó mi tán tí mo ní n kò lè gbé Ogbooro mọ́, mo rò pé bí mo bá dé Ìsẹ́yìn, n ó máa bá wọn mọ ilé. Irọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń mọ ilé alámọ̀ níbí mọ́. Ẹni tí kò tilẹ̀ ní bàtà lẹ́sẹ̀ ń kó búlọ́ọ̀kù jọ. Wọ́n á kọ́ ilé tán, ilé á máa gbóná bí ààrò lọ́sàn-án, wọ́n á wá gbé àga síta, wọ́n á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara wọn, wọ́n á ní ọ̀làjú dé. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ wá iṣẹ́ tí n kò rí, wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan létí ìgboro. Iṣẹ́ náà kò le. Ewúrẹ́ ni mo ń lé. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní ìwé di ọ̀fẹ́, àwọn ewúrẹ́ Ìsẹ́yìn náà ti rò pé àwọn wà lára rẹ̀.

Yàrá tí wọ́n fún mi wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ètè mi ti là bí ilẹ̀ odò tó gbẹ. Èmi ni mò ń dáná fúnra mi. Ọbẹ̀ mi kò dára, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tí n ó dá lẹ́bi, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ọkùnrin tó ti níyàwó fún ìgbà pípẹ́ kò mọ bí a ṣe ń jẹ ọbẹ̀ burúkú láìbínú sí ẹnì kan.

Míìsì ni ó ń kọ́ kíláàsì kẹrin. Ọmọ Ṣakí ni, onígbàgbọ́ ni, ẹnu rẹ̀ sì gùn ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní fọ́sìlì. Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Ó ní láyé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú kankan dó, nǹkan ẹlẹ́mìí á kú, ẹrẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ á pẹ́ títí á di òkúta. Nǹkan náà á jẹrà tán pátápátá, ṣùgbọ́n àyè tó fi sílẹ̀ nínú òkúta kò ní pa dé. Nǹkan mìíràn á sàn wọ inú àyè náà, á le, á sì mú ìrísí rẹ̀. Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀ tó rí i. Ó ní bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo bá ojú ẹsẹ̀ ewúrẹ́ nínú amọ̀ mi, ṣé ó dìgbà tí mo bá rí ewúrẹ́ náà kí n tó mọ̀ pé ó kọjá? Mo ní kó jẹ́ kí n lọ lé ewúrẹ́ mi.

Ọmọdé kì í gba ohun tí kò fọwọ́ kàn gbọ́. Nítorí náà, Míìsì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan wá láti ilé. Ọ̀kan mú ìkarahun ìgbín, ọ̀kan mú ewé òrí, ọ̀kan mú ẹsẹ̀ adìẹ, ọ̀kan gba egungun ẹnu àgbò lọ́wọ́ alápatà. Wọ́n po amọ̀, wọ́n dì í sínú agolo àti páànù, wọ́n tẹ nǹkan wọn mọ́ ọn, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì tò ó sábẹ́ igi máńgòrò kí ara rẹ̀ le díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ọjà ni mo wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun tán, mo jáde, mo rí amọ̀. Ìyá mi, amọ̀! Ó pẹ́ tí mo ti rí amọ̀ tútù tó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni mo rí lójú rẹ̀? Ẹsẹ̀ adìẹ. Eyín ẹran. Ewé tó já sí i. Inú mi bàjẹ́. Mo ní ẹ wò ó, adìẹ àti ewúrẹ́ ti ba iṣẹ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, èmi tí wọ́n ń sanwó fún sì wà níbí. Ẹ mọ ohun tí bàbá wa fi kọ́ mi, pé amọ̀ tó bá ní àpá, ìtìjú ọ̀mọlé ni. Mo bu omi. Mo jókòó. Mo ti orí ìkíní bẹ̀rẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ẹ, mo rẹ́ ẹ, mo tún un rẹ́, títí gbogbo rẹ̀ fi ń dán bí inú igbá tuntun. Mo rẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo ń kọrin pàápàá. Mo wá jókòó, mo ń retí ẹni tí yóò dúpẹ́.

Àwọn ọmọ dé. Wọ́n wo agolo wọn. Lẹ́yìn náà ni igbe ta, bí ìgbà tí òkú sùn nílé. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Múnírá ló mú ìgbín wá. Ó nàka sí mi lójú, ó ní ìgbín òun ti wà láti ayébáyé, pé ìkún omi kò pa á, iná kò pa á, àfi Bàbá tó ń ṣọ́gbà ló wá pa á láàárọ̀ yìí. Ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín tán! Mo ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá. Ó ní ìyá òun náà á bá mi jà.

Mo rò pé Míìsì á pariwo mọ́ mi. Kò pariwo. Ẹ̀rín ló rín, tó rín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára. Nígbà tó sinmi, ó ní kí àwọn ọmọ má sunkún mọ́, pé ẹ̀kọ́ tó dára jù nípa fọ́sìlì ni Bàbá kọ́ wọn yẹn. Ó ní ohun tí mo ṣe gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tó ti gbélé ayé rí. Omi á rẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, kò ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà rí. Ó ní èyí tí kò bá bá ọ̀mọlé pàdé nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ń kọjá, wọn a fi ara bo nǹkan wọn, wọn a ní kí ẹ pa á mọ́, ọ̀mọlé ń bọ̀.

Wọ́n dá mi lẹ́jọ́. Múnírá ni adájọ́. Wọ́n ní kí n lọ wa amọ̀ mìíràn. Mo kó wọn lọ sétí odò, mo wa amọ̀, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo fẹsẹ̀ po ó. Ìyá mi, n kò ní purọ́ fún yín, ara mi yá gágá. Àwọn ọmọ náà kó sínú rẹ̀ pẹ̀lú mi, ẹrẹ̀ dé orí. Ọ̀pọ̀ ìyá wọn wá bú mi lọ́jọ́ kejì. Mo ní ọṣẹ wà lọ́jà.

Wọ́n tún nǹkan wọn tẹ̀, mo sì fi igi ọwọ́ mi ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà. Nígbà tó yá, Míìsì mú ìyẹ̀fun funfun kan jáde, èyí tí wọ́n fi ń di ẹsẹ̀ tó bá kán ní ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fún un. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi òrí díẹ̀ pa ojú amọ̀ náà lára, kí ó má baà lẹ̀. Ó po ìyẹ̀fun mọ́ omi, ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n dà á sínú àpá kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ń pè é ní ẹ̀kọ òkúta. Míìsì ní láìsí iná, ẹ̀kọ yìí á gbóná fúnra rẹ̀, á sì le bí òkúta. Mo ní irọ́ nìyẹn. Ó ní kí n má fọwọ́ sí i. Èmi tí mo ti fi ọwọ́ dán gbogbo amọ̀ Òkè-Ògùn wò! Mo ki àtàǹpàkò bọ inú èyí tó kù nínú agolo mílíìkì. Mo ní n kò yọ ọ́ àfi bó bá gbóná.

Ó gbóná. Ìyá mi, ó gbóná. Kí n tó sọ pé kí ni mo fi ọwọ́ fà yìí, ó ti le. Mo fà á, kò jáde. Àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́. Mo ń lọ sókè sódò nínú ọgbà ilé-ìwé pẹ̀lú agolo mílíìkì lórí àtàǹpàkò, mo ń ké pe orúkọ Ọlọ́hun. Ọ̀gá ilé-ìwé gbọ́ igbe, ó sáré jáde láti ọ́fíìsì, kò wo ilẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ lé amọ̀ tuntun kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Òun ló fi òòlù fọ́ agolo náà kúrò lọ́wọ́ mi, Ọlọ́hun á san án fún un. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń fọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ burúkú yẹn ti da ẹ̀kọ òkúta sí ojú ẹsẹ̀ tí bàtà rẹ̀ tẹ̀ sínú amọ̀. Ìgbà tó gbẹ tí wọ́n yọ ọ́, gbogbo ilé-ìwé rí i pé ihò wà nídìí bàtà tí ọ̀gá ń nù kó máa dán lójoojúmọ́. Wọ́n gbé e sórí tábìlì láàárín ẹsẹ̀ adìẹ àti egungun àgbò, wọ́n ní ẹranko àtijọ́ kan tí kò jẹun kánú ni. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọ̀gá ti ra bàtà mìíràn.

Mo ti rẹ́rìn-ín, mo ti fi òrí pa àtàǹpàkò mi tó pọ́n, mo ti rò pé eré ti parí. Múnírá wá yọ tirẹ̀. Ó yí agolo dé, ó fọ́ amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, ìgbín funfun kan sì jáde. Gbogbo ìlà ara rẹ̀ ló pé. Ìgbín gidi kò sí níbẹ̀ o, àpá rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbín ló jáde. Míìsì wá fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ tẹ amọ̀ láti fi parí ẹ̀kọ́ náà. Nígbà tí wọ́n yọ ìyẹn, ọwọ́ ni, pẹ̀lú ìka márùn-ún, ó funfun, ó nà síta bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn.

Mo dìde. N kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ jókòó sẹ́yìn yàrá mi.

Ìyá mi, ẹ̀yin nìkan ló kù tó rántí ọjọ́ náà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wa. Mò ń mọ yàrá wa lọ́wọ́, mò ń rẹ́ ògiri, Sàrátù pè mí wá jẹun, n kò dá a lóhùn. Ó tún pè mí. Mo ní kó jẹ́ kí n parí. Ó dé, ó dúró lẹ́yìn mi, ó sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri tútù náà pàá! Ó ní oúnjẹ ń tutù. Ẹ̀yin rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ ti ń yan àgbàdo, ẹ ní n kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ àfi bí mo bá jẹun tán. Mo lọ jẹun. Kí n tó padà, oòrùn ti mú un, ó ti gbẹ.

Gbogbo ilé tí mo mọ, láti Ogbooro dé Ọ̀fìkì, kò sí ibi tí àpá ọwọ́ wà àfi nínú yàrá tèmi. Àwọn ọ̀mọlé ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí èmi àti Sàrátù bá jà, tí mo bá di kunkun, kò ní bẹ̀ mí. Á lọ gbé ọwọ́ rẹ̀ sínú àpá náà, á ní oúnjẹ ń tutù. Ìjà parí nìyẹn. Ọmọńdinrín rẹ̀ tí ọmọ odó tẹ̀ nígbà èwe, tó wọ́ síta, wíwọ́ náà wà lára ògiri. Nígbà tó kú, n kò lè wò ó. Mo ta ẹní bò ó, mo jáde kúrò nílé. Ẹ ní ojú mi gbẹ bí àpáta. Ó gbẹ lóòótọ́. Ó ṣì gbẹ. Míìsì ló ń nu ojú níbi tó ti ń kọ ọ́, kì í ṣe èmi. Ó ní òun kò ní kọ ìyẹn náà. Kọ ọ́.

Gbogbo ayé mi, rírẹ́ ni mò ń rẹ́ nǹkan. Èyí kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì tún rán Làmídì kó lọ bá mi parí rẹ̀.

Nítorí náà, mò ń bọ̀. Bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi Iléyá, ọkọ̀ oníṣu ni n ó wọ̀. Míìsì ti fún mi ní ìyẹ̀fun funfun náà nínú ọ̀rá, mo sì ti fi ògiri ilé ewúrẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. N ó fi òrí pa àpá náà, n ó fi amọ̀ ṣe etí yí i ká, n ó sì dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ bá mi tọ́jú òrí tó dára, èyí tí kò ní ìdọ̀tí. Bí mo bá ṣe tán, Làmídì lè rẹ́ yòókù, kó sì fi ibi àpá náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kó má sọ pé òun fẹ́ bá mi ṣe é. Mo mọ ọwọ́ rẹ̀.

Kí n tó dé, ẹ gbé ẹní yín kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ lọ tẹ́ ẹ sí yàrá mi, kí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri náà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa jẹun, kí ẹ ti máa kírun. Làmídì lágídí, ṣùgbọ́n kò tíì ya ọmọ tí yóò gbé ìyá rẹ̀ kúrò nídìí ògiri nítorí sìmẹ́ńtì. Àpò ṣúgà tí awakọ̀ mú wá, tiyín ni, kì í ṣe ti àwọn lébìrà rẹ̀.

Kí ẹ sì gé èékánná yín. N ó fi amọ̀ gba ọwọ́ tiyín náà sílẹ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti darúgbó. Nítorí pé ẹ ti darúgbó ni mo ṣe ń yára. Ti ẹnì kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, tiyín kò ní bọ́.

Ọlọ́hun yóò dá yín sí títí n ó fi dé, yóò sì dá yín sí títí ẹ ó fi rí èyí tí ẹ ó fi bú mi. Yóò fi àlùbáríkà sí ilé wa, yóò fún Làmídì ní owó tí yóò fi kọ́ ilé tirẹ̀, kó lè fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ kanlẹ̀ kanjà. Àmín. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó jókòó níbi tí wọ́n ti ń ka èyí.

Bí wọ́n bá kà á tán, ẹ ká ẹní orí ògiri yẹn sókè díẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ẹ sọ fún Sàrátù pé mo ti gbọ́. Mò ń bọ̀ wá jẹun.

Èmi ni ọmọ yín,
Lásísì Àlàó.